Ẹni Tó Ń Rákò Kò Ní Ẹsẹ̀

"Àga yìí ò ní wọlé," Bàbá Ṣónúgà tó ń ṣọ́ géètì wí.

Ìgbà ẹgbẹ̀rún tó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ó dáa, ìgbà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ jọ ìgbà ẹgbẹ̀rún létí mi.

Àga Màmá Àgbà náà ò gbà. Ó ti ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ń kùn bí ajá tí wọ́n gba eegun lẹ́nu ẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ la sọ àga ọ̀hún, torí ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ó sì lágídí. Òun ló gbé Màmá Àgbà láti ilé wa ní Òkè-Èrì dé ibí, tó ń rìn gbọ̀ngbọ̀n lójú títì, tí gbogbo ọmọdé ń sá tẹ̀lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," Mọ́mì mi ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ wo ọjọ́ orí ẹni tó jókòó lórí ẹ̀."

"Mo rí i. Mo rí ẹsẹ̀ àga pẹ̀lú. Mẹ́rin ni! Kó tó dé ìdí igi tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ ti tán. Ta ló máa wá dí ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ lára ilẹ̀? Èmi?"

Ó na ìka sí pátákó tó wà lókè orí ẹ̀. Mo ti mọ ohun tó wà lára pátákó yẹn sórí kí wọ́n tó bí mi:

ỌGBÀ ÀTI ODI EREDO.
Ẹnì kan, ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀, òjò kan.
Ìṣísẹ̀ kò ṣé yá, kò ṣé tọrọ.
Táyà kò wọlé. Ẹ̀rọ kò wọlé.
Ẹni tí a pọ̀n kò ní ẹsẹ̀. Ẹni tó ń rákò kò ní ẹsẹ̀.
Ẹni tó bá kọjá iye tirẹ̀, ilé rẹ̀ yóò jókòó sílé fún òjò mẹ́ta.

Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ẹsẹ̀ èèyàn ló fẹ́ẹ̀ wó odi yẹn tán láyé àwọn bàbá wa. Nígbà tí ìlú gbóná débi pé ẹ lè fi òrùlé mọ́tò dín ẹyin, gbogbo ayé ń sá wọnú yàrà Eredo, torí ibẹ̀ nìkan ló ṣì tutù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, odi tí àwọn babańlá wa fi ọwọ́ gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lulẹ̀. Ni ìlú bá ṣòfin. Ní báyìí, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí òdòdó pupa yẹn bá ti ta orí jáde látinú ilẹ̀ láìní ewé kankan, ìdílé kọ̀ọ̀kan á gba ọjọ́ tirẹ̀, mélòó kan lè bọ́ sí ọjọ́ kan náà, wọ́n á gbé kúlà oúnjẹ, wọ́n á wá fi ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ wọn gbafẹ́.

"Ẹ fi àga sílẹ̀," Màmá Àgbà wí. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. "Ẹsẹ̀ ni mo fi wọ ibẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Kò sí àga lábẹ́ mi nígbà yẹn. Bàbá yín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Bàbá Ṣónúgà gan-an ṣí fìlà. Ó fi ẹ̀gbà ẹsẹ̀ tó ń ka ìṣísẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ Màmá Àgbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi sí ti Mọ́mì, ó fi sí ti Ìbídùn àbúrò mi, ó wá kàn mí.

Èmi nìyí o. Ọlátúbọ̀sún. Bọ̀sún fún àwọn tó fẹ́ràn mi, ìyẹn gbogbo ayé. Láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ò lè rí ọ̀dọ́kùnrin tó dáa tó mi, ẹ lè wá a fọ́dún méje.

"Ẹ káàbọ̀ sí Eredo," ẹ̀gbà ẹsẹ̀ mi sọ. Ohùn obìnrin ni, ohùn tó ní sùúrù bí olùkọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Ẹ ní ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀."

"Ó kéré sí mi," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lọ́dún tó kọjá," ó dáhùn.

Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó mọ ìṣirò ju olùkọ́ ẹ̀ lọ, kò sì ní àforíjì fún àbùmọ́. Òun ló ṣètò ọjọ́ yìí. Ó ti wọn ọ̀nà náà lórí àwòrán, ó ti ń kà á sí wa létí láti àná. "Màmá Àgbà á fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ. Ẹsẹ̀ wọn ò gùn, á tó ẹgbẹ̀rún dín díẹ̀. Bùrọ̀dá Bọ̀sún, irínwó nìkan lẹ máa fi lọ. Ẹ̀yin lẹ máa wá pọ̀n wọ́n bọ̀, irínwó míì. Ó máa ku igba fún yín. Ẹ má fi ṣeré o."

"Èmi? Mo lè pọ̀n Màmá Àgbà dé Ìbàdàn, kí n tún padà wá mú ìborùn wọn tí wọ́n gbàgbé."

Ibi tí à ń lọ ni ẹ ò tíì mọ̀. Ibi ọwọ́ ni.

Nígbà tí Màmá Àgbà ṣì jẹ́ omidan, àgbàrá já odi kan nínú yàrà. Wọ́n pe gbogbo ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú pé kí wọ́n wá po amọ̀, kí wọ́n wá tún un mọ. Ibẹ̀ ni Bàbá Àgbà ti rí i. Bàbá Àgbà tẹ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ mọ́ amọ̀ tútù, ó ní kí Màmá Àgbà náà tẹ tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ara wọn nìyẹn. Bàbá Àgbà sọ ìtàn náà fún mi tó ìgbà ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn fẹ̀ bí atẹ ìyá onígúgúrú, pé nígbà tí àwọn tẹ̀ ẹ́, odi mì, àwọn àgbààgbà wá ń bẹ àwọn pé, "Akin, yọ ọwọ́ rẹ, jọ̀ọ́, kó má baà wó." Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kan bímọ sínú ojú àtàǹpàkò àwọn, ó tọ́ ọmọ náà dàgbà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn ò mú mi lọ wò ó rí. Lọ́dọọdún, tá a bá ti dé pápá òdòdó, wọ́n á ní yàrà ń yọ̀. Tàbí kí wọ́n ní ebi ń pa àwọn. A ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ wa lábẹ́ igi máńgòrò, a ó relé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Bàbá Àgbà fi wá sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Màmá Àgbà ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ló ní: "Tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ mú mi lọ síbi ọwọ́." Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe.

A dé pápá. Mọ́mì tẹ́ ẹní sábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀yìn ń dùn ún láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò lè bá wa lọ. Màmá Àgbà ní kí òun sinmi díẹ̀, kí òun mu omi. Òdòdó pupa kún gbogbo ilẹ̀, yíká yíká bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi iná ṣe. Àwọn ìgbín irin ń rákò láàárín wọn, tí wọ́n ń lá ojú ẹsẹ̀ ẹni tó bá kọjá, tí ilẹ̀ á tún dán bíi pé kò sẹ́ni tó rìn níbẹ̀.

Lábẹ́ igi kejì ni Mosọ́pẹ́ iléèwé wa wà pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin méjì. Mi ò ní ṣàpèjúwe Mosọ́pẹ́. Ọ̀rọ̀ ò tó.

"Ṣé ìwọ ni Bọ̀sún tí wọ́n ní ó mọ ijó jó?" ó bi mí.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìwọ náà ni. Nílé ìwé. Lójoojúmọ́."

Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹnu ló fi ń jó, jàre."

Ẹnu? Èmi? Mo bọ́ sójú pápá. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jó! Mo fi ẹsẹ̀ rẹ ilẹ̀ bí ẹni ń rẹ àgbàdo, mo gbọ̀n jìgìjìgì, mo yí, mo bẹ̀rẹ̀, mo dìde. Igba ìgbín irin ló sá wá yí mi ká tí wọn ò mọ ojú ẹsẹ̀ tí wọn ì bá kọ́kọ́ lá. Mosọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Bùrọ̀dá Bọ̀sún!" Mo gbọ́ igbe Ìbídùn lókèèrè. "Ẹsẹ̀ yín o!"

Mo dúró gbagidi. Mo lọ sẹ́yìn igi, mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọrùn ẹsẹ̀ mi. "Àǹtí, mélòó ló kù?"

"Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ijó pẹ̀lú. Ó ku ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlélógún."

Mo lè dé ibi ọwọ́. Mi ò lè pọ̀n ẹnikẹ́ni padà.

Mo yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wẹ̀yìn, Màmá Àgbà ti dìde, ó ti fi ìborùn ẹ̀ so ìdí, ó na ọwọ́ sí mi.

"Ọkọ mi, ṣé o ti ṣe tán?"

"Mélòó ló kù fún yín?" Ìbídùn bi mí, ó ti ń fura.

"Ó pọ̀ bí iyanrìn," mo ní.

A sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà. Àtẹ̀gùn ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀, Màmá Àgbà ń sinmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wá kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ ìsàlẹ̀, tí odi dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, tí ó ga débi pé àwọn ẹyẹ máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fò dé òkè. Omi ń kán tó, tó, láti ara ewé. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ dà bí atẹ́gùn inú fíríìjì. Màmá Àgbà ń tẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ kan kò ju ẹsẹ̀ kejì lọ. Ìbídùn ń bá a ka tiẹ̀.

Èmi ń fò. Mo ronú pé tí ìṣísẹ̀ mi bá gùn, á dín kù. Mo na ẹsẹ̀ kan, mo fò, mo dúró dè wọ́n. Mo tún na òmíì.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" Màmá Àgbà béèrè. "Ṣé ilẹ̀ ń jó ọ lẹ́sẹ̀ ni?"

"Eré ìdárayá ni, Màmá."

"O jọ ọ̀bọ tó jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbé."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ló jọ," Ìbídùn gbè é lẹ́sẹ̀.

A dé ibẹ̀. Òrùlé kékeré kan ló bo ojú odi náà kí òjò má baà pa á. Ọwọ́ méjì wà lára ẹ̀. Ọ̀kan tóbi díẹ̀. Ìkejì kéré bíi ti ọmọ tó ń lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Ti Bàbá Àgbà rèé," mo ní, mo na ọwọ́ sí èyí tó tóbi. "Kò fẹ̀ bí atẹ onígúgúrú ṣá. Bóyá ó ti sún kì."

Èjìká Màmá Àgbà ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Tèmi nìyẹn," ó wí. "Èyí tó kéré ni ti bàbá ẹ."

"Irọ́!"

"Ọwọ́ ẹ̀ kéré, ọkọ mi. Kéré gan-an ni. O ò rí i pé àpò ló máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ní gbogbo ìgbà? Kí lo rò pé ó fà á tí kì í fẹ́ mú ọ wá síbí? Àkàlàmàgbò ni ẹnu ẹ̀, ológoṣẹ́ ni ọwọ́ ẹ̀. Ibo lo rò pé ìwọ ti gbé ẹnu tìẹ?"

Ó sún mọ́ odi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sókè, ó sì fi sínú ọwọ́ kékeré yẹn. Nígbà tó jẹ́ omidan, kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ogbó ti mú ọwọ́ ẹ̀ sún kì. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú, ìka sí ìka. Ó gbé iwájú orí ti odi, ó sì dákẹ́.

Èmi náà dákẹ́. Odindi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ bi Ìbídùn.

"Ó tó," Màmá Àgbà wí níkẹyìn. Ó nu ojú. "Mo ti kí i. Ó yá, pọ̀n mí, ká lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ kó tó tutù."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo bi ẹ̀gbà ẹsẹ̀ mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màmá, ó ku méjìlélọ́gbọ̀n."

"Kí ló ku méjìlélọ́gbọ̀n?"

"Ìṣísẹ̀ mi."

Ìbídùn ké bí ẹni tí kòkòrò ta. "Mo mọ̀! Mo mọ̀! Ọgọ́ta péré ló kù fún Màmá Àgbà! Ẹ̀yin àti iyanrìn yín!"

Màmá Àgbà gbọ́wọ́ sókè sí i. "Níbo ni ìyókù lọ?"

"Mo fi jó."

"Fún ta?"

"Fún Mosọ́pẹ́."

"Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

"Ó rẹ́rìn-ín, Màmá."

"Ó kúkú rẹ́rìn-ín." Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi kan. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ń wo odi. "Tá a bá kọjá iye wa, òjò mẹ́ta, ọdún mẹ́ta gbáko, la ó fi jókòó sílé. Ẹ̀yin á dúró dè é, ọmọdé ni yín. Èmi fẹ́ máa wá kí i lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí mo ṣì wà. Òjò mẹ́ta ti pọ̀ jù fún mi."

Ìbídùn gbìyànjú láti gbé e, kò lè gbé e kúrò nílẹ̀. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrà. Tó bá tilẹ̀ sí, ta ló ní irínwó tó ṣẹ́kù lápò?

Kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú tó jẹ̀bi ń ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù mi tuntun. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dárí jì mí." Mo fi orúnkún àti ọwọ́ wọ́ lọ síwájú, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ìgbín irin kan tẹ̀ lé mi. Ó dé ojú ibi tí orúnkún mi tẹ̀, ó na ìwo, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò lá a. Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ àjèjì fún.

Ìbídùn tẹjú mọ́ ìgbín náà. "Bùrọ̀dá Bọ̀sún," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ bi ẹ̀gbà ẹsẹ̀ yín ní mélòó."

"Àǹtí, mélòó ló kù?"

"Ẹ kú ìrákò. Ó ku méjìlélọ́gbọ̀n."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa. Pátákó géètì ló wá sí mi lọ́kàn. *Ẹni tó ń rákò kò ní ẹsẹ̀.*

"Rárá," mo ní. "Mosọ́pẹ́ wà lókè."

"Mo gbọ́ pé ó máa ń rẹ́rìn-ín," Màmá Àgbà wí. Ó ti ń tú ìborùn ẹ̀.

Ó jókòó sí mi lẹ́yìn, Ìbídùn fi ìborùn gbá wa pọ̀ bí ọ̀já. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹrù. Mo ti ní in lọ́kàn láti sọ fún yín pé ó wúwo bí erin tó jẹ erin. Ṣùgbọ́n kò wúwo. Ó fúyẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ẹ̀rù bà mí. Mo rá díẹ̀díẹ̀ bí ẹni gbé awo tánganran.

"Ọdún méjì àbọ̀ ni mo fi pọ̀n ọ́," ó ń sọ létí mi. "Ẹ̀yìn mi ni ilé ìtọ̀ ẹ."

"Màmá, ẹ má gbẹ̀san o."

"Má rẹ́rìn-ín, ò ń mì mí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tòótọ́ kì í mì báyìí."

"Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rìnlá," Ìbídùn ń kà lẹ́yìn wa. "Ọgọ́rùn-ún ó lé márùn-ún... ẹ dákẹ́, ẹ ń da orí mi rú! Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ó ń ka orúnkún. Mi ò mọ ẹni tó rán an.

A dé ìdí àtẹ̀gùn. Mo dìde dúró, mo fi ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ gùn ún, ọ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan, Màmá Àgbà lẹ́yìn mi. Lókè, ó ku méjì péré. Pápá òdòdó wà níwájú, ó sì kún fún èèyàn.

Mo kúnlẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ bá mi ro ó. Èmi Bọ̀sún! Ẹrẹ̀ láti iwájú orí dé àtàǹpàkò, tí mò ń rákò láàárín òdòdó níṣojú gbogbo Ìjẹ̀bú. Àwọn ẹ̀gbọ́n Mosọ́pẹ́ kọ́kọ́ rí wa.

"Ẹ wá wo ẹṣin! Ẹ wá wo ẹṣin!"

"Ẹṣin ni lóòótọ́," Màmá Àgbà dá wọn lóhùn láti òkè orí mi. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yọ eyín, ìyá àgbà tiyín dà? Ṣé ẹ gbé wọn wá, àbí ẹ tì wọ́n mọ́lé?"

Mosọ́pẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó bọ́ síwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta àti kóró máńgòrò kúrò níbi tí orúnkún mi máa tẹ̀. Ìṣísẹ̀ tirẹ̀ ló ń ná. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbà ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dín in kù. Mi ò gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ fún obìnrin.

Mọ́mì ti gbé kúlà, ó ti ká ẹní, ó rọra wá bá wa nítòsí géètì. "Bọ̀sún! Kí lo tún ṣe?"

"Ó ṣe dáadáa," Màmá Àgbà wí. "Sọ̀ mí kalẹ̀."

Géètì ò ju ìwọ̀n yàrá méjì lọ mọ́. Màmá Àgbà fẹ́ fi ọgọ́ta ìṣísẹ̀ tó kù fún un parí ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bí ẹni di ọ̀pá mú, ó ń tẹ̀ jẹ́jẹ́, èmi ń rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Bàbá Ṣónúgà fẹ́ẹ̀ gbé fèrè mì. "Ẹ dúró! Kí nìyí? Kí ni àgbàlagbà ń ṣe nílẹ̀?"

"Ọmọ tó ń rákò ni," Màmá Àgbà dáhùn.

"Ọmọ wo? Ẹni tó ní irùngbọ̀n?"

"Ẹ má wo irùngbọ̀n. Ẹ wo orí ẹ̀. Ṣé ọgbọ́n àgbà wà níbẹ̀?"

"Ìyá, ọmọ ọwọ́ la kọ òfin yẹn fún!"

"Ẹ ò kọ ọjọ́ orí síbẹ̀," Ìbídùn ní.

Bàbá Ṣónúgà yíjú sí òpó géètì. Òpó náà tan iná àwọ̀ ewé, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ka òfin: "Ẹni tí a pọ̀n kò ní ẹsẹ̀. Ẹni tó ń rákò kò ní ẹsẹ̀. Ilé yìí kò jẹ̀bi."

Bàbá Ṣónúgà dúró, ó wò mí, ó wo ẹrẹ̀ ara mi. Ẹnu ẹ̀ ń jà pẹ̀lú ẹ̀rín. "A máa tún pátákó yẹn kọ lọ́la."

"Ọ̀la nìyẹn," Màmá Àgbà wí. "Òní la wà."

Mo dìde. Orúnkún mi ń ké. Mo fi ìṣísẹ̀ méjì tó kù fún mi jáde lẹ́nu géètì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan síta, bí ọkùnrin.

"Ẹ kú ìrìn," ẹ̀gbà ẹsẹ̀ mi sọ. "Ó ti tán. Ó dọdún tó ń bọ̀."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sáré wá pàdé Màmá Àgbà, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè jókòó. Kò jókòó. Àwọn èèyàn ti pé yí wa ká, Mosọ́pẹ́ àti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà níwájú, Màmá Àgbà sì ti na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni fẹ́ fi wọn ọ̀nà Èkó.

"Ẹ̀yin ò rí i!" ó ń sọ fún wọn. "Láti ìsàlẹ̀ yàrà! Ọmọ yìí pọ̀n mí, ó ń rá, ó ń rá, ẹgbẹ̀rún méje orúnkún! Ejò dúró lọ́nà, ó ní kó kúrò, ejò kúrò! Odi fẹ́ wó lù wá, ó fi èjìká kan gbé e dúró! Mo ní, ọkọ mi, sinmi. Ó ní rárá!"

Àwọn èèyàn ń pariwo "Háà!" Mosọ́pẹ́ yíjú sí mi. Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mélòó ni lóòótọ́?"

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ti wà lórí ahọ́n mi. Ó ti múra. Ó ti wọ bàtà. Mo wo Ìbídùn, Ìbídùn wò mí.

"Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlá," mo ní. "Kò sí ejò kankan níbẹ̀."

Màmá Àgbà fọ́ mi létí, gbà!

"Ta ló ní kó o ba ìtàn mi jẹ́?"